Ilẹ̀kùn Ọkàn Àtọwọ́dá àti Kòkòrò Tí Ń Bá A Jà

Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ìtàn tí a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí fi ìdí òwe náà múlẹ̀.

Ọkàn ènìyàn ní ilẹ̀kùn mẹ́rin tí ń ṣí, tí ń padé, kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn. Fáàfù ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Ibà kan wà tí ń tẹ̀lé ọ̀nà ọ̀fun dídùn lọ́mọdé, ó lè bà wọ́n jẹ́. Ogbó náà sì lè sọ wọ́n di gígan. Ní 1952, Charles Hufnagel fi fáàfù àtọwọ́dá sára ènìyàn ní Washington, ṣùgbọ́n inú òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá ni ó fi í sí, kì í ṣe inú ọkàn gan-an. Ní 1960 ni ọ̀nà là. Lọ́dún yẹn ni Dwight Harken ní Boston, Nina Braunwald ní Bethesda àti Albert Starr ní Portland fi fáàfù sínú ọkàn fúnra rẹ̀. Lowell Edwards, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, ló bá Starr ṣe tirẹ̀: bọ́ọ̀lù kékeré kan tí ń lọ tí ń bọ̀ nínú àgò. Ní Nàìjíríà, Enugu ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ inú ọkàn ní 1974.

Ayọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tá kan ń dọdẹ. Bí kòkòrò àrùn bá gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ara fáàfù àtọwọ́dá, ó lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí ó kọ́ ilé, kí ó sì fi nǹkan bo ara rẹ̀, tí àwọn ọmọ ogun ara kò fi ní lè ká a mọ́. Àìsàn yìí ti wà lára fáàfù àbínibí tipẹ́. William Osler sọ̀rọ̀ lé e lórí ní London ní 1885, nígbà tí kò sí oògùn rẹ̀ rárá. Pẹnisílíìnì ló kọ́kọ́ gba àwọn aláìsàn lọ́wọ́ ikú, láàárín ọdún 1940 sí 1950. Ti fáàfù àtọwọ́dá le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú olè yìí? Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán, wọ́n á fi sínú ìgò kí kòkòrò lè hù níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ẹ̀rọ wo ọkàn. Edler àti Hertz ló bẹ̀rẹ̀ fífi ìró tí etí kò lè gbọ́ wo ọkàn, ní Lund ní Sweden, ní 1953. Lónìí, aláìsàn lè gbé ẹ̀rọ náà mì, kí ó wo fáàfù láti ẹ̀yìn. Ní 1994, àwọn dókítà Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà to àwọn àmì àìsàn náà pọ̀ bí òfin. Wọ́n tún un ṣe ní 2000 àti 2023.

Oògùn rẹ̀ gba sùúrù: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti inú iṣan. Bí fáàfù bá ń tú, tàbí tí ọyún ń gbá jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n lè tún iṣẹ́ abẹ ṣe.

Ìdí tí a fi kọ èyí nìyí. Nígbà tí a bá lọ sílé, tí ara bá gbóná, ibà ẹ̀fọn ni gbogbo wa máa ń pè é. Ẹnìkan á sáré lọ ra kápúsù ní kẹ́mísìtì, ara á rọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kápúsù yẹn lè fi olè pamọ́: bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn náà, kòkòrò lè má hù mọ́, síbẹ̀ kò kúrò lára fáàfù.

Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ fáàfù rẹ̀, kí ó sọ ọ́ fún dókítà kí ó tó sọ ohunkóhun mìíràn. Kí wọ́n yẹ ibà ẹ̀fọn wò, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ fún kòkòrò kí ó tó gbé oògùn kankan mì. Kí ó máa tọ́jú eyín rẹ̀, nítorí ẹnu jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà wọlé. Kí ó sì bi dókítà eléyín bóyá ó yẹ kí ó lo oògùn kí wọ́n tó yọ eyín. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá àwọn òbí yín kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi sínú páálí ìrìnnà wọn.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí gbogbo wa sí.