Padre Tí Kì í Ṣe Padre

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Ìbàdàn, a máa ń wo òkè pẹ̀lú. Òkè pọ̀ nílùú wa, orúkọ wọn sì yàtọ̀ síra: Òkè Mápó, Òkè Àrẹ, Òkè Ààrẹmọ. Òkè Padre ni wọ́n bí èmi sí. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu àwọn awakọ̀ tí ń pe èrò, ṣùgbọ́n n kò bi ara mi rí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, àfi lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ẹ̀ṣẹ̀ kan ń dà mí láàmú.

Ìyá àgbà mi ni mo kọ́kọ́ bi. Wọ́n ní, "Padre ni Fadá, ọmọ mi. Àwọn Fadá ló tẹ̀dó sórí òkè yìí, ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀." Kátídírà Màríà Mímọ́ ti ìjọ Kátólíìkì ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n padre kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Potogí ni, Fadá ìjọ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ará Faransé ló pọ̀ jù nínú àwọn Fadá àkọ́kọ́ tó wá sílẹ̀ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló sì jọba lé wa lórí. Báwo wá ni ọ̀rọ̀ Potogí ṣe dé orí òkè ní Ìbàdàn?

Brazil ni a ti máa rí ìdáhùn. Àwọn ogun tó jà nílẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sọ ọ̀pọ̀ èèyàn wa di ẹrú. Wọ́n tà wọ́n lọ sí Bahia, níbẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ èdè Potogí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣe ìrìbọmi nínú ìjọ Kátólíìkì. Ní ọdún 1835, àwọn ẹrú dìtẹ̀ ní Bahia, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ náà, ara ni àwọn adúláwọ̀ ibẹ̀, títí kan àwọn tó ti gba òmìnira. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó ní 1851, tí òwò ẹrú sì dópin níbẹ̀, àwọn tó ń padà sí Èkó tún pọ̀ sí i. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà bọ̀, wọ́n mú iṣẹ́ káfíńtà bọ̀, wọ́n sì mú ìgbàgbọ́ wọn bọ̀. Fadá nìkan ni wọn kò mú bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí jẹ́. Nínú ìjọ Kátólíìkì, Fadá nìkan ló lè rú ẹbọ Mísà, òun nìkan ló sì lè gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí ó kéde ìdáríjì. Àwọn Àgùdà ń gbé ìlú ńlá bí Èkó, wọn kò sì ní ẹni tí wọn yóò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún.

Ọkùnrin kan ló dìde láàrin wọn. Antonio ni orúkọ rẹ̀, ẹrú tó gba òmìnira ni. Ó kọ́ ilé àdúrà kékeré kan, ó ń kó àwọn èèyàn jọ lọ́jọ́ Àìkú láti gbàdúrà, ó sì ń ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọdé, nítorí òfin ìjọ gbà pé ẹnikẹ́ni lè ṣe ìrìbọmi bí ó bá di dandan tí Fadá kò sì sí. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Padre Antonio.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti mú mi lọ́kàn. Antonio kì í ṣe padre. Bíṣọ́ọ̀bù kankan kò gbé ọwọ́ lé e lórí. Bí ó bá wọ aṣọ Fadá ní ọjọ́ Àìkú kan tí ó gbé ife sókè, ta ni yóò dá a lẹ́kun? Síbẹ̀, kò rú ẹbọ Mísà, kò sì gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó jẹ́ orúkọ tí ìfẹ́ àwọn èèyàn fún un, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan agbára tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ní 1863, Fadá Francesco Borghero, ará Ítálì, ti ẹgbẹ́ SMA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1856, wá bẹ Èkó wò. Ó bá àwọn onígbàgbọ́ níbẹ̀. Ní 1868, Fadá Pierre Bouche wá láti máa gbé ibẹ̀, iṣẹ́ tí Antonio ti ń dì mú sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Láti Èkó ni ìjọ náà ti dé Abẹ́òkúta ní 1880, kí ó tó gòkè wá sí Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ padre bá wọn gòkè wá.

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan ń dà mí láàmú. Ní alẹ́ tó ṣáájú ìdánwò ìṣirò, ẹnìkan fi èkíspò ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo ní n kò ní wò ó. Mo wò ó. Nígbà tí èsì jáde, èmi ni mo ṣe ipò kìíní, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "Prof". Ìgbàkúùgbà tí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, àyà mi á já. Àwọn àgbà ní ẹ̀wù àyálò kì í yẹni. Bí kò bá fún ni, á ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni í bá ni í mu.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Fadá. Mo gba àdúrà tí wọ́n ní kí n gbà. Síbẹ̀, Prof ṣì ni mí ní kíláàsì, máàkì náà ṣì wà lórúkọ mi. Nígbà tí mo ka ìtàn Antonio, ojú tì mí. Òun kò ní Fadá tí yóò jẹ́wọ́ fún, kò sì mú ohun tí kò tọ́ sí i. Èmi ní Fadá nítòsí ilé wa, mo sì di ohun tí kì í ṣe tèmi mú ṣinṣin.

Mo lọ bá tíṣà wa. Wọ́n wò mí títí, wọ́n fún mi ní òdo, wọ́n sì ní kí n tún ìdánwò mìíràn ṣe. Ipò kẹsàn-án ni mo bọ́ sí. Àwọn kan nínú kíláàsì kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n rò pé mo ti dárúkọ wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìkan ni mo sọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé oyè ló burú. Michael Cyprian Iwene Tansi, ọmọ Aguleri, di Fadá tòótọ́ ní 1937. Ní 1950, ó fi ìjọ tó ti lórúkọ sílẹ̀, ó lọ sí ilé àwọn mọ́ńkì ní Leicestershire ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí kò ti ní ipò kankan. Ibẹ̀ ló wà títí tó fi kú ní 1964. Ní 1998, Póòpù John Paul Kejì wá sí Nàìjíríà láti kéde rẹ̀ ní Alábùkúnfún. Antonio kò jí oyè. Tansi ní oyè, kò fi wá ìyìn. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì tọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, WAEC kò jìnnà mọ́, èkíspò yóò sì tún dé sórí fóònù wa. Ìwà mímọ́ tí mo rí nínú ìtàn òkè wa kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Òun ni pé kí ohun tí kì í ṣe tèèyàn wà níwájú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wò ó, kí ó sì fi í sílẹ̀. Bí ó bá sì ti mú un, bíi tèmi, kí ó dìde lọ dá a padà.