Ìtàn Àfikún: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Ìtàn tí Òǹwòran Ń Kọ

Ìtàn àfikún ni ìtàn tí olólùfẹ́ eré kan fúnra rẹ̀ kọ nípa àwọn ẹ̀dá-ìtàn inú eré tí ẹlòmíràn ṣe. Àpẹẹrẹ tó lókìkí ni ti Star Trek, eré orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1966. Nígbà tó fi di 1967, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti tẹ ìwé tiwọn jáde, Spockanalia, tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀. Eré náà kásẹ̀ ńlẹ̀ ní 1969, ṣùgbọ́n wọn ò yéé kọ ìtàn nípa rẹ̀.

Àwọn orúkọ mìíràn wà tí a lè rò fún irú ìtàn yìí, àmọ́ wọn kò bá a mu. “Ìtàn àròsọ” kò tó fún un, torí gbogbo ìwé bíi ti Fágúnwà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. “Ìtàn olólùfẹ́” lè ṣini lọ́nà, torí ìtàn ìfẹ́ ni etí Yorùbá máa gbọ́. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, “pátì kejì” ló wà lẹ́nu àwọn tó ń wo fíìmù, àmọ́ ẹni tó ni fíìmù ló ń ṣe ìyẹn. Jenifa's Diary, eré tẹlifíṣọ̀n tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde lẹ́yìn fíìmù Jénífà ti 2008, kì í ṣe àfikún, ìtẹ̀síwájú ni. Àlọ́ Ìjàpá náà yàtọ̀: ẹnikẹ́ni lè pa á, kò sí ẹni tó ni ín. Àfikún gbọ́dọ̀ ní ìtàn ìpìlẹ̀ tó ní olúwa rẹ̀, kí ẹlòmíràn tó fi tirẹ̀ kún un.

Ohun mẹ́ta ló sábà ń mú kí eré bí àfikún. Èkíní ni àlàfo, ìyẹn ohun tí eré dárúkọ tí kò fi hàn, bí ìgbà èwe akọni. Èkejì ni ibùdó ìtàn tó gbòòrò. Nínú Star Trek, ọkọ̀ òfuurufú kan ń ti ayé kan bọ́ sí òmíràn, àyè sì wà láti dá ayé tuntun kún wọn. Ẹ̀kẹta ni àjọṣe tí eré kò là yéni tán, bí ti Kirk àti Spock, ẹ̀dá-ìtàn méjì nínú Star Trek.

Láti ibẹ̀ ni oríṣi àfikún ti wá. Èyí tó sọ àjọṣe di ìfẹ́ ni àfikún ìfẹ́. Èyí tó kó ẹ̀dá-ìtàn eré méjì pọ̀ ni àfikún àkànpọ̀. Èyí tó gbé wọn lọ sí ìlú tàbí ìgbà mìíràn ni àfikún aṣíbùdó.

Eré tó ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bí àfikún. Nínú Kóòtù Aṣípa ti Oyin Adéjọbí, ẹjọ́ á dé, wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á dá a. Àríyànjiyàn lórí ìdájọ́ ló kù fún òǹwòran.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti mọ ẹ̀dá-ìtàn, ibùdó ìtàn àti àhunpọ̀ ìtàn láti inú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀. Bí a bá fi àfikún, ìtàn ìpìlẹ̀ àti àlàfo kún wọn, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ tó láti fi kọ́ni nípa irú ìtàn yìí.