Kọ́sítọ́mà, Kọ́sítọ́ọ̀mù àti Àṣà: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan ní Ibodè Wa

Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ orúkọ náà la fẹ́ sọ lónìí, nítorí orúkọ tí ẹlòmíràn bá sọ nǹkan ẹni lè yí ojú tí a fi ń wò ó padà.

Ẹni tí ó bá dé Igolo, lẹ́bàá ibodè Nàìjíríà, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan lọ́nà méjì láìpẹ́. Obìnrin ọlọ́jà yóò máa pe, "Kọ́sítọ́mà mi, ẹ yà síbí." Awakọ̀ yóò máa sọ fún ọmọọ̀ṣẹ́ rẹ̀ pé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù wà níwájú. Bí ọmọ wa tí a bí sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì bá sì wá kí ilé, yóò béèrè pé kí ni "custom" ìdílé wa. Àṣà ni ó ń béèrè. Oníbàárà, aṣọ́bodè àti àṣà: lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ìyá kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láti inú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. "Consuetudo" ni àwọn ará Róòmù ń pe ohun tí ó ti mọ́ ènìyàn lára. Àwọn Faransé àtijọ́ sọ ọ́ di "costume", èyí tí ó di "coutume" lónìí. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ará oko ń san fún olúwa ilẹ̀ lọ́dọọdún di "custom", nítorí pé sísan rẹ̀ ti mọ́ wọn lára. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fi pe owó tí ọba ń gbà lórí ẹrù ojú omi. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ́ ìsọ̀ kan sì di "customer". Àwọn Faransé kò fi ọ̀rọ̀ yìí pe aṣọ́bodè tiwọn: "douane" ni wọ́n ń wí, tí ó ti ara "dīwān" àwọn Lárúbáwá àti Páṣíà wá, èyíinì ni ìwé ìṣirò tàbí ọ́fíìsì tí a ti ń kọ ọ́. Nítorí náà, ní ibodè kan ṣoṣo, ìwé ni a fi sọ aṣọ́bodè apá ọ̀dọ̀ wa lórúkọ, ohun tí ó ti mọ́ni lára ni a sì fi sọ ti apá kejì.

Yorùbá kò da àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀ sínú àpò kan. Oníbodè ni ó ń jókòó sí ẹnubodè, owó ibodè ni ó sì ń gbà fún ọba. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ti onílẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ wà lójú ọ̀pọ́n, tí àwọn oníṣòwò ń gba ilẹ̀ Ànàgó kọjá lọ sí Àjàṣẹ́ tí a ń pè ní Porto-Novo lónìí, kò sí ẹni tí ó pe owó ibodè ní àṣà. Àṣà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè ti tú u, láti inú "ṣà" ni ó ti jáde: ohun tí a ṣà nínú ọ̀pọ̀, tí a mú, tí a fi èyí tí kò dára sílẹ̀. Ohun tí ó mọ́ni lára lè máà jẹ́ ohun tí a yàn. Ṣùgbọ́n yíyàn ni ìpìlẹ̀ àṣà.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní etíkun wa, "customs" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ohun tí ọkọ̀ wọn ń san fún ọba kí ó tó ṣí ọjà fún wọn. Orúkọ kan náà ni wọ́n fún ayẹyẹ ọdọọdún ọba Dahomey ní Abomey, tí àwọn Fọ̀n ń pè ní Xwetanu. Níbẹ̀ ni ọba ti ń bọlá fún àwọn baba ńlá rẹ̀, tí ó ń gba owó òde, tí ó ń pín owó ẹyọ àti aṣọ, tí a sì ń pa àwọn ẹrú ogun. Àwọn ènìyàn wa kò jìnnà sí ìbẹ̀rù ogun náà; ní ọdún 1886 ni Dahomey fọ́ Kétu. Ọmọ wa tí ó bá ka "customs" nínú ìwé àtijọ́ lè rò pé ìpànìyàn yẹn ni à ń pè ní àṣà. Bẹ́ẹ̀ ni kò rí.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà. Ìfọ̀nyìn pín sí méjì: apá kan bọ́ sọ́wọ́ Faransé, apá kejì sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Oníbodè ayé àtijọ́ ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ó bá sanwó. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa, ti Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Kọ́sítọ́mà kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, nítorí kọ́sítọ́ọ̀mù.

Àwọn Faransé tún ṣe èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1931 wọ́n gbé ìwé kan jáde, Coutumier du Dahomey, tí wọ́n kó "coutume" gbogbo ẹ̀yà jọ sí kí adájọ́ lè máa lò ó. Ìwé náà ní obìnrin wà lára ohun ìní ọkùnrin àti ogún rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: obìnrin wo? Ṣé ìyá wa tí ó ń fi owó ara rẹ̀ ra ọjà, tí ó ń fi èrè rẹ̀ rán ọmọ nílé ìwé? Wọ́n pe ohun tí wọ́n kọ ní ohun tí ó ti mọ́ wa lára, wọ́n sì gba agbára àtiṣà lọ́wọ́ wa. Ní ọdún 1996, ilé ẹjọ́ tí ń ṣọ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè Benin sọ pé ìwé náà kò ní agbára òfin. Òfin ìdílé ọdún 2004 sì fi òpin sí agbára "coutume" lórí gbogbo ọ̀ràn tí òfin náà kàn.

Àwọn kan nínú wa bẹ̀rù nígbà náà pé a ti pa àṣà. Kò rí bẹ́ẹ̀. "Coutume" inú ìwé ni ó kú. Àṣà wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ń ṣà á: àwọn ọba àti ìjòyè wa, àwọn ìyálọ́jà, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí. Nítorí náà, bí ọmọ bá béèrè pé kí ni "custom" wa, ẹ má ṣe yára dáhùn. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé èwo ni ó ń wí: owó ibodè ni, ìṣákọ́lẹ̀ ni, tàbí àṣà? Bí ó bá ní àṣà ni, ẹ sọ ohun tí àwọn baba wa ṣà fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ọwọ́ tirẹ̀ náà yóò dé ibi ìṣà.