Lábẹ́ Olúmọ, Lórí Olúmọ

Ilẹ̀ Mowe àti Ìbàfò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ará ibẹ̀ tí ó bá ń fẹ́ àpáta gùn, Abẹ́òkúta ni kí ó gbà lọ. Bí ó bá jí ní kùtùkùtù, tí ó gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn dé Ṣágámù, tí ó yà sí apá òsì, tí ó sì kọjá Siun àti Kobape, oòrùn kò ní tíì mú tí yóò fi dé ẹsẹ̀ Olúmọ. Ìrìn ọjọ́ kan péré ni, àlọ àti àbọ̀. Ìrìn tí àwọn Ẹ̀gbá rìn kí wọ́n tó dé ibẹ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ bí igbó Ẹ̀gbá ṣe tú. Lísàbí ti gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìlú Òwu fọ́, ogun kan náà já lu àwọn ìlú Ẹ̀gbá, ó sì ń kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn tí ó ṣẹ́kù, ọ̀pọ̀ ló ń gbé Ìbàdàn bí ẹni tí ń gbé ilé onílé, wọ́n ń fi ojú sun ẹkún. Ní 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá sí ẹ̀bá Odò Ògùn, sí ìletò oko kan tí ó wà lábẹ́ àpáta.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo orúkọ tí wọ́n sọ ìlú náà. Wọn kò pè é ní Oríòkúta. Àwọn ará Ìdànrè ni ó fi orí òkè ṣe ilé ní tòótọ́: àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni àlejò ń gùn kí ó tó rí ààfin wọn àtijọ́, nǹkan bí 1923 ni wọ́n sì tó sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Olúmọ kò gba irú ìyẹn. Orí rẹ̀ kò fi ju 137 mítà lọ sí ojú òkun, kò sì sí àyè ilé àti oko níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sá sí.

Ní 2006 ni a fi líìfìtì sí i, ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn ròkè. Àtẹ̀gùn alásìmẹ́ńtì sì wà pẹ̀lú. Ẹni tí ara rẹ̀ bá le, kí ó fi méjèèjì sílẹ̀, kí ó gba ara àpáta. Kò ní pẹ́ tí yóò fi dé inú ihò, níbi tí òkúta ti borí bí òrùlé, tí àwọn kòtò tí àwọn obìnrin fi ń lọ oúnjẹ ṣì wà nílẹ̀ títí di òní. (Ní tèmi, mo fẹ́ràn ibí yìí ju ṣóńṣó orí rẹ̀ lọ.) Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà há. Ènìyàn á fi ẹ̀gbẹ́ gba àárín àpáta méjì kọjá, á fi ọwọ́ di gbòǹgbò igi mú, á fi orúnkún wọ́ gòkè, kí atẹ́gùn tó fẹ́ sí i lójú lójijì.

Lórí níhìn-ín ni a ti ń rí i pé ìlú náà kò fara pamọ́ mọ́ rárá. Òrùlé páànù pupa lọ súà dé ìsàlẹ̀, ilé ìsìn Aké yọ láàrin wọn, Odò Ògùn sì ń ṣàn ní ìwọ̀-oòrùn. Ihò kan kò lè gba irú èrò bẹ́ẹ̀, kódà láyé Ṣódẹkẹ́. Ní 1832, nígbà tí Ìjẹ̀bú gbógun tì wọ́n, wọn kò sá sábẹ́ òkúta. Wọ́n jáde lọ pàdé wọn ní Owíwí, wọ́n sì ṣẹ́gun.

Nítorí náà ni mo ṣe ń jiyàn pẹ̀lú àwọn tí ń sọ pé Olúmọ ni ó gba Abẹ́òkúta lọ́wọ́ Dàhòmì. Ní oṣù kìn-ín-ní 1851, Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá kìlọ̀ fún wọn pé Gezo ń bọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún odi mọ. Ogun dé ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, pẹ̀lú àwọn jagunjagun obìnrin rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìsàgà ti pàdé ogun náà lọ́nà, wọ́n ṣe bí ẹni túúbá, wọ́n sì gba Gezo níyànjú pé kí ó kọlu ìlú ní ọ̀sán gangan, láti ẹnubodè Aró. Ìhà ibẹ̀ gan-an ni odi ti le jù. Ẹ̀gbá kò tètè mọ̀ pé obìnrin wà lára àwọn tí ń bá wọn jà; nígbà tí wọ́n mọ̀, ìtìjú sọ wọ́n di kìnnìún, wọ́n sì lé ogun náà padà.

A ń ki àpáta, a kì í ki Ìsàgà. Dàhòmì kò gbàgbé wọn ní tirẹ̀. Ní 1862, Glele ọmọ Gezo wọ ìlú náà, ó pa á run, ó pa nínú àwọn ènìyàn ibẹ̀, ó sì kó àwọn yòókù lẹ́rú. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 1864, ó tún wá síwájú odi Abẹ́òkúta. Wọ́n tún lé e. Ẹni tí ó bá dúró lórí Olúmọ, tí ó kọjú sí odò, ìhà Ìsàgà ni ó kọjú sí.