Orúkọ Kan, Ọkọ̀ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ìtàn Jíìpù Tòkunbọ̀ àti Ohun Tí Olùrà Gbọ́dọ̀ Yẹ̀ Wò

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọkọ̀ tí ó bá ti ga sókè díẹ̀, tí táyà rẹ̀ sì tóbi, jíìpù ni a ń pè é. Ẹni tí ó ra Highlander, ẹni tí ó ra CR-V àti ẹni tí ó ra Land Cruiser, orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe ọkọ̀ wọn. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí Ojúde Ọba nìkan ni ènìyàn ṣe rà á, kò burú, ojú ọ̀nà ọlọ́dà ni yóò gbà dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí oko rẹ̀ wà níhà Abígí, ní agbègbè etí omi ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí iyanrìn àti àbàtà pọ̀ sí, ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jọ máa fà ni ó ń wá. Bí ó bá kó owó àjọ àti ẹ̀yáwó alájẹṣẹ́kù lé ọkọ̀ tí táyà iwájú méjì péré ń fà, òjò àkọ́kọ́ ni yóò là á lójú.

Ogun ni ó bí orúkọ náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà béèrè fún ọkọ̀ kékeré tí ẹrẹ̀ kò ní lè dá dúró, ilé-iṣẹ́ Willys àti Ford sì ń rọ ọ́ fún wọn láti ọdún 1941. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wo àwòkọ́ṣe rẹ̀, wọ́n sì gbé Land Rover jáde ní Amsterdam lọ́dún 1948. Toyota bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó di Land Cruiser lọ́dún 1951. Férémù irin tí ó nípọn ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, ọ̀pá jíà kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ńlá, èyí tí awakọ̀ fi ń pe táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí iṣẹ́. Láàárín ọdún 1994 sí 2001 ni irú mìíràn wá jáde: RAV4, CR-V, Lexus RX àti Highlander. Ìpìlẹ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán ni wọ́n gbé àwọn yìí kà, nítorí àwọn ará ìlú ńlá tí ó fẹ́ jókòó sókè. Ẹ̀dà méjì ni wọ́n sì wá ń tà: ọ̀kan tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, òmíràn tí ti iwájú nìkan ń fà. Lóde, ìbejì ni wọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, tí Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀ lọ́dún 1986, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì kọjá agbára òṣìṣẹ́. Ọkọ̀ tí wọ́n ti lò nílẹ̀ òkèèrè gba ipò rẹ̀, a sì fún un ní orúkọ ọmọ tí a bí sẹ́yìn òkun tí a gbé wálé. (N kò mọ èdè mìíràn tí ó sọ ọkọ̀ àlòkù lórúkọ tí ó dára tó bẹ́ẹ̀.) Ọ̀pọ̀ wọn gba èbúté Kùtọ̀nú wọlé, wọ́n sì gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, títí ìjọba àpapọ̀ fi ka kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé léèwọ̀ láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017. Èyí tí ó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Nítorí náà, ìwé owó bodè ni kí a kọ́kọ́ béèrè, kí nọ́ńbà ṣáṣì tí ó wà nínú rẹ̀ sì bá ti ara ọkọ̀ mu.

Nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ìwé ìtàn. Láti ọdún 1981 ni ó ti jẹ́ àmì 17 lórí ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà. Bí èyí àkọ́kọ́ bá jẹ́ J, Japan ni wọ́n ti ṣe é. 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni. Àmì kẹwàá ni ọdún ọkọ̀: 8 dúró fún 2008, A dúró fún 2010. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ sí Carfax, tí ó sì sanwó, lè rí i bóyá ọkọ̀ náà ti fara gbá jàǹbá tàbí omíyalé. Ọ̀rọ̀ omi yìí kì í ṣe àwàdà. Ìjì Katrina lọ́dún 2005 àti Harvey lọ́dún 2017 ri ọkọ̀ púpọ̀ sómi ní New Orleans àti Houston. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò a san owó fún onílé ọkọ̀, a sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí gbàǹjo. Kí a fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá. Ẹrẹ̀ tí wọ́n fọ̀ kúrò lára kápẹ́ẹ̀tì sábà máa ń fi àmì sílẹ̀ níbẹ̀.

Kí a wá dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Àmì 4WD tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kì í ṣe ẹ̀rí, torí wọ́n ń tà á lọ́jà. Fún Highlander tàbí CR-V, ẹ̀yìn ni kí a wò: irin gbọọrọ tí ń yí gbọ́dọ̀ ti iwájú lọ bá ilé jíà tí ó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Fún 4Runner, iwájú ni kí a ti wá ilé jíà kejì, nítorí táyà ẹ̀yìn ni ó ń fà tẹ́lẹ̀. Ìpẹta tí ó ti jẹ férémù lè jẹ́ ti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ní àríwá Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ọwọ́ tiwa náà kò sì mọ́: bí irin gbọọrọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, àwọn mẹkáníìkì kan a yọ ọ́ sọ nù, ọkọ̀ yóò sì máa lọ lórí táyà méjì. Táyà mẹ́rin tí ìwọ̀n tàbí jíjẹ wọn kò dọ́gba tún máa ń pa jíà náà díẹ̀díẹ̀.

Àdánwò tí ó kù, kí a má ṣe é lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Bẹ̀níì. Ọ̀dà gbígbẹ lè ba jíà onílévà jẹ́ bí a bá fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yípo lórí rẹ̀. Orí iyanrìn tàbí ilẹ̀ pupa tí ó tutù ni kí a gbé e lọ, kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó sì máa wò bóyá táyà ìyókù ń bá a fà nígbà tí èyí tí ó wà nínú ẹrẹ̀ bá ń yí lásán. Lẹ́yìn èyí, kí mẹkáníìkì tí kì í ṣe ti oníṣòwò tú ìdérí ilé jíà ẹ̀yìn. Ọ́ìlì tí omi ti wọ̀ a máa funfun bí ẹ̀kọ mímu.