Ìjọba àti Àjọ Bọ́ọ̀lù: Ta Ló Ń Jìyà Ìjà Wọn?

Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹjọ, ọdún 2014, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò ju ogún ọdún lọ kojú Jámánì nínú àṣekágbá Ife Àgbáyé ní ìlú Montreal. Góòlù kan ṣoṣo, tó wọlé ní àsìkò àfikún, ni Jámánì fi borí. Síbẹ̀, ọmọ Ìkòròdú kan, Asisat Oshoala, ló gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dáńtọ́ jù lọ àti ti ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé ni pé ó ku díẹ̀ kí àwọn ọmọ náà má lè lọ rárá. Ní ọjọ́ 9, oṣù Keje ọdún náà, FIFA fòfin de Nàìjíríà. Ilé ẹjọ́ kan ní Jos ló ní kí àwọn adarí àjọ bọ́ọ̀lù dáwọ́ iṣẹ́ dúró, mínísítà sì yan ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Ọjọ́ 18 ni FIFA tó tú wa sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n dá àwọn adarí náà padà.

Kí ni iṣẹ́ irú àjọ bẹ́ẹ̀? Òun ló ń mójú tó ìdíje àti àwọn rẹfirí, tó ń yan olùkọ́ni fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè, tó sì ń dúró fún wa lọ́dọ̀ FIFA. Àjọ yìí ni ọmọ ẹgbẹ́ FIFA, kì í ṣe ìjọba.

Àjọ tiwa kì í ṣe ọmọ àná. Àwọn kan ní 1933 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn mìíràn ní 1945 ni. Ní 1949, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù wa rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Teslim Balogun wà lára wọn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n sì na Sierra Leone ní 2-0. FIFA gbà wá wọlé ní 1960.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí agbára ìjọba bo àjọ náà mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1995, ìjọba ológun Abacha pa Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn, Nelson Mandela sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. South Africa ló fẹ́ gbàlejò Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1996, àwa la sì gba ife ti 1994. Ìjọba ní Super Eagles kò ní lọ. CAF fìyà jẹ wá, a sì pàdánù ìdíje 1998 pẹ̀lú. Ọdún 1996 yẹn kan náà ni àwọn ọmọ wa gba wúrà ní Òlíńpíìkì Atlanta! Ìran tó mọ bọ́ọ̀lù jù lọ ni a sé mọ́lé.

Ní 2010, Ààrẹ Goodluck Jonathan ní kí Super Eagles fi ìdíje àgbáyé sílẹ̀ fún ọdún méjì. FIFA halẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan kò sì pé tí ìjọba fi yí ohùn padà.

Àwọn kan yóò ní òfin FIFA ń dáàbò bo àwọn tó ń ná owó ìlú nínàákúnàá. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìjọba ló ń gbé èyí tó pọ̀ nínú ìnáwó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, ó sì yẹ kí àjọ ṣírò owó náà fún aráàlú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jalè, kí òfin mú un gẹ́gẹ́ bí olè. Ìyẹn yàtọ̀ sí kí mínísítà fi ọmọ tirẹ̀ jẹ olórí àjọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìjọba ló ni àpò, àjọ ló ni pápá. Bí kálukú bá dúró ní àyè rẹ̀, Oshoala mìíràn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyẹ̀pẹ̀ lónìí kò ní jókòó sílé nítorí ìjà tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.