Ìtàn M-Pesa: nígbà tí ẹni tó ni ọjà gbọ́ ti ẹni tó ń lò ó



Ní oṣù tó kọjá, mo fi owó ránṣẹ́ sí màmá mi lórí tẹlifóònù. Nígbà tí mo pè wọ́n láti mọ̀ bóyá wọ́n ti gbà á, wọ́n ní àwọn gbé tẹlifóònù fún ọmọkùnrin kan nínú ọjà, ó sì bá àwọn tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Màmá, nọ́ńbà àṣírí yín ńkọ́?" Wọ́n ní, "Mo sọ ọ́ fún un. Ṣé mo gbọ́ Faransé ni?"

Ó dùn mí. Ọmọ náà kò jí owó o. Ohun tó dùn mí ni pé obìnrin tó ti ń ta àgbàdo fún ogójì ọdún, tó ń ṣírò gbèsè ogún ènìyàn sórí láìkọ ọ́ síbì kankan, wá di ẹni tí ń wá ọmọ kékeré tí yóò bá a ṣí àpò owó ara rẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa bí irú ètò yìí ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà, ìtàn náà sì gbé mi dé Kẹ́ńyà.

Kí a tó débẹ̀, irú ènìyàn méjì kan wà tó yẹ kí a mọ̀. Nínú ilé iṣẹ́ ńlá, ẹnì kan wà tí ọjà kan wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Òun ló ń pinnu ohun tí ọjà náà yóò ṣe, iye tí wọn yóò tà á, àti ìgbà tí yóò jáde. Àwọn Faransé ń pè é ní chef de produit. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1931, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Neil McElroy, tó ń bójú tó ìpolówó ọṣẹ Camay ní Procter & Gamble ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n yan àwọn tí yóò máa bójú tó ọjà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, nítorí Ivory, ọṣẹ mìíràn tí ilé iṣẹ́ kan náà ń ṣe, ló gba gbogbo ojú.

Ẹnì kejì ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wo ẹni tí yóò lo ọjà náà. Ibo ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ? Kí ló rú u lójú? Kí ló bà á lẹ́rù? Oyè tirẹ̀ kò tíì pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1993 ni Donald Norman wọ Apple, ó sì gba oyè kan tó túmọ̀ sí ayàwòrán-ilé fún ìrírí ẹni tó ń lo nǹkan. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní tààrà, bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni àkọ́kọ́ ń ronú owó àti àkókò, ẹnì kejì ń ronú ènìyàn. Bí wọn kò bá jọ jókòó sọ̀rọ̀, èmi àti màmá mi la ó jìyà rẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Kẹ́ńyà.

Ọkùnrin kan ní Vodafone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nick Hughes, ló ní èrò pé tẹlifóònù lè ran àwọn tí kò ní àkọsílẹ̀ ní báńkì lọ́wọ́. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi bí mílíọ̀nù 1 pọ́n-ùn sí i, Vodafone náà sì dá tirẹ̀. Wọ́n mú Safaricom ní Kẹ́ńyà, tí Vodafone ní ìpín nínú rẹ̀, pẹ̀lú Faulu, ilé iṣẹ́ tó ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́. Ohun tí wọ́n pinnu rọrùn: kí Faulu máa yáni lówó lórí tẹlifóònù, kí ẹni tó yá owó sì máa san án padà lórí tẹlifóònù. Ilé iṣẹ́ Sagentia ní Cambridge bá wọn kọ ètò rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Vodafone sì rán Susie Lonie lọ sí Nairobi kó lọ bójú tó o.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò pẹ̀lú bí ènìyàn 500, ní Nairobi àti ní ìlú Thika. Lórí ìwé, ohun gbogbo gún régé. Nígbà tó dé ọwọ́ ènìyàn, ọ̀rọ̀ di méjì. Àwọn kan kò kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù rí láyé wọn. Àwọn mìíràn gbàgbé nọ́ńbà àṣírí wọn. Ìwé ìṣirò Faulu kò bá ti tẹlifóònù mu.

Ó tún ku ohun kan tí àwọn tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní tontine, ẹ ó mọ̀ ọ́n kíákíá. Àwọn tó yá owó lọ́wọ́ Faulu máa ń pàdé, wọ́n sì ń ṣe onídùúró fún ara wọn. Bí oníkálukú bá ń san owó láti ilé rẹ̀, kí ló kù tí yóò gbé e wá sí ìpàdé? Bí kò bá sì wá sí ìpàdé, ta ni yóò mọ̀ pé ìṣòro ti bá a? Ojú tó ń rí ojú ló ń mú gbèsè náà san.

Àmọ́ Lonie àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń wo ohun tí àwọn ènìyàn náà ń ṣe, wọ́n sì rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n ṣe. Ẹnì kan ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ san gbèsè láti orí tẹlifóònù tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò ń kó owó sórí tẹlifóònù níbi tó ti gbéra, ó sì ń gbà á nígbà tó bá dé ibi tó ń lọ, nítorí olè. Àwọn oníṣòwò ń fi owó ọjà pamọ́ síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Wọ́n tún ń fi owó ránṣẹ́ sí ara wọn.

Ibí yìí ni mo dúró sí fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí mo ń kà á. Ó rọrùn fún ẹni tó ni ọjà láti sọ pé, "Ẹ ń lò ó ní ìlòkulò, ẹ padà sórí gbèsè." Èmi olùkọ́ mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ti sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ rí, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Baba ńlá wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Àwọn yìí fi ọ̀rọ̀ gbèsè sílẹ̀. Nígbà tí M-Pesa jáde fún gbogbo Kẹ́ńyà ní oṣù kẹta ọdún 2007 (pesa ni owó ní èdè Swahili), ohun tí wọ́n fi polówó rẹ̀ kò ju pé kí o fi owó ránṣẹ́ sílé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Nairobi, tí wọ́n ti ń bẹ awakọ̀ bọ́ọ̀sì kó bá wọn gbé owó dé abúlé, kò nílò àlàyé kankan.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Inú káàdì SIM ni ètò náà wà, nítorí náà tẹlifóònù tó kéré jù lọ lè gbé e. Bí owó bá lọ, ọ̀rọ̀ ń dé sọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á, ọkàn àwọn méjèèjì á sì balẹ̀. Ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ pàápàá lè gba owó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, Swahili náà sì wà níbẹ̀. Kí ọdún kan tó pé, iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 1.

N kò sọ pé ẹni mímọ́ ni wọ́n o. Ilé iṣẹ́ ni Safaricom, ó ń gba owó lórí ohun tí a bá fi ránṣẹ́, ó sì jèrè púpọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kà, n kò rí oyè bíi ti Norman lórí ẹnikẹ́ni ní Nairobi. Iṣẹ́ náà ni mo rí: ẹni tí ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀ jókòó ti ẹni tó ń lò ó, ó sì ní agbára láti yí ọjà náà padà. Ní 2010, ìwé ìròyìn The Economist fún Hughes àti Lonie ní ẹ̀bùn lórí iṣẹ́ yìí.

Mo lọ sí ilé lọ́jọ́ Sátidé kan, mo jókòó ti màmá mi, mo sì kọ́ wọn. A fi ọ̀rọ̀ Faransé sílẹ̀ pátápátá. Nọ́ńbà nìkan ni wọ́n há sórí, bí ẹni há oríkì: ẹyọ kan, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà nọ́ńbà àṣírí, tí wọn kò sì gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ náà, wọ́n fi 500 fáráǹkì ránṣẹ́ sí mi láti fi dán an wò, wọ́n sì kọ̀ pé kí n má dá a padà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilé iṣẹ́ náà yí nọ́ńbà inú ètò náà padà. Ohun tó wà ní méjì ti lọ sí mẹ́rin. Mo tún ń lọ sílé ní Sátidé tó ń bọ̀.